Mo Lọ Dúpẹ́ Ògiri Lókè Òkun

Ọmọ mi, àkọ́bí inú mi,

Báwo ni o ṣe wà níbẹ̀ yẹn? Ṣé ara ìyàwó rẹ yá, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwé, ṣé àtẹ̀gùn ilé yín tó ń lọ sókè bí ẹni ń lọ sọ́run yẹn kò tíì já yín ní orúnkún? Bí o bá bèèrè tèmi, mo wà, ọpẹ́ ni, orúnkún òsì ló ń dùn mí, ọ̀tún ń wò ó níran. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí omi gbé wa mọ́ ẹrù wa yóò máa ṣọ́ ẹ ní ìlú ńlá tí o wà yẹn, níbi tí wọ́n ti ń fi owó ra omi tí àwa níbí ń sá fún. Wàá di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ọ̀gá tí mo bá rìnrìn àjò. Àmín.

Gbogbo ilé ń kí ẹ. Àbúrò bàbá rẹ tó jẹ́ káfíńtà ń kí ẹ, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ibùsùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ẹsẹ̀ lékeléke, ó ní omi tó bá fẹ́ bá òun lórí ibùsùn báyìí á kọ́kọ́ làágùn. Àwa ṣì wà nínú yàrá ìkàwé tí wọ́n kó wa sí nígbà tí odò wọlé. Láàárọ̀ a ó ká ẹní wa kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, bí wọ́n bá lọ tán a ó tún un tẹ́. Ibi tí mo tẹ́ tèmi sí kọjú sí pátákó gan-an, mo ti wá mọ ìṣirò tí n kò mọ̀ nígbà èwe mi, ọ̀gá ilé ìwé sì ní bí odò bá tún lé wa wá lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi tí mo rù sá jáde ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni omi gbé lọ, bóyá ó fẹ́ rìn.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò mi ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ ti ro tirẹ̀ fún ẹ, àgbà òṣìkà ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, má bínú bí n kò bá fi “wọ́n” pè é.

O kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wá bá wa ní ilé ìwé lórúkọ ìjọba. Ó dúró síbi tí olùkọ́ máa ń dúró sí, ó ní àwọn èèyàn ńlá ńlá láti gbogbo ayé fẹ́ ṣe àpérò lókè òkun lórí àjálù, lórí omi, iná, ìjì àti ilẹ̀ tó ń mì, wọ́n sì fẹ́ kí òun mú ẹnì kan dání tí àjálù ti ṣe dáadáa. Gbogbo wa nawọ́. Mi ò tíì rí ibi tí èèyàn ti ń du àdánù rí. Ẹnì kan ní ilé òun lọ, ìkejì ní ilé òun lọ tòun ti ṣọ́ọ̀bù, títí tí bàbá kan fi ní ilé tí òun ṣì fẹ́ kọ́ pàápàá ti lọ. Ọ̀gá rẹ ń wò wá bí ẹni ń yan aṣọ lórí àtẹ, ó wá nàka sí mi, ó ní ìyá akọ̀wé òun ni mí, ẹni tiwa ni. Inú mi dùn, mo rò pé nítorí pé o mọṣẹ́ ni. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Àwọn ará ilé wá kó ọ̀rọ̀ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní bí mo bá dé iwájú àwọn olówó ayé, ohun kan ṣoṣo ni kí n bèèrè, kí wọ́n bá wa mọ ògiri òkúta sí etí odò, ògiri tí wọ́n ti ń ṣèlérí rẹ̀ fún wa láti ìgbà tí o ti ń wọ ṣòkòtò péńpé.

Bẹ́ẹ̀ ni èmi aránṣọ ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí ó tó gbéra, ọmọbìnrin kan dúró sáàárín wa, ó ń fi ọwọ́ júwe ibi tí a ó gbà sá jáde bí a bá já bọ́, ó gbé ẹ̀wù kan wọ̀ tó ní yóò mú èèyàn léfòó lórí omi, ó tún fọn fèrè tó wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó àfi èmi. Àwọn tó fẹ́ gbé wa fò ti kọ́kọ́ ń kọ́ wa bí a ó ṣe já, àwọn èèyàn ń ka ìwé ìròyìn. Ó dùn mí pé odò wa kò rán irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ sí wa kó tó wọlé. Ọ̀gá rẹ kò rí gbogbo èyí, iwájú ló jókòó sí, wọ́n fi kọ́tìnnì dá àwa àti àwọn lágbájá ibẹ̀ sí méjì. Mo fọwọ́ kan kọ́tìnnì náà nígbà tí mò ń lọ sílé ìtọ̀. Aṣọ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ́ etí rẹ̀ kánjú.

Nígbà tí a balẹ̀, ọkùnrin kan jókòó sínú àpótí gíláàsì, ó ń wo ìwé ìrìnnà mi, ó ń wò mí, bí oníbàárà tó ń wá àléébù lára aṣọ kó má bàa san owó ìránṣọ. Ó bi mí pé kí ló gbé mi wá sí ìlú àwọn. Ọ̀gá rẹ túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo sì sọ òtítọ́, mo ní omi ni. Ó ní omi báwo. Mo ní odò ìlú wa. Ó ní ṣé mo fẹ́ máa gbé ọ̀dọ̀ wọn ni. Mo ní rárá o, àpérò àjálù ni mo wá, èmi gan-an ni àjálù tí wọ́n ń retí. Ojú rẹ̀ yí padà, ó ké sí ẹlòmíràn, ìyẹn náà ké sí ẹlòmíràn, ọ̀gá rẹ wá ń kó ìwé jáde lápò lọ́tùn-ún lósì, òógùn bò ó nínú òtútù. Wọ́n tún bi mí bóyá mo gbé erùpẹ̀ kankan dání láti ilé. Mo ní erùpẹ̀ tí a ní, odò ti gbé e lọ, bóyá kí wọ́n wò ó létíkun tiwọn.

Òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi wá sí kò ní kọ́kọ́rọ́. Páálí pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fún mi, wọ́n ní òun ni yóò ṣílẹ̀kùn. Wọ́n tún fún mi ní páálí kejì tó jọ ọ́ bí ìbejì, wọ́n ní owó oúnjẹ mi wà nínú rẹ̀. Mo mì ín létí, kò dún. Wọ́n ní kí n kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ tó wà lára ògiri níta. Mo kì í bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà gbé e mì, kò fún mi ní kọ́bọ̀, kò sì kí mi. Mo dúró tì í, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ní ẹrù ẹlẹ́rù ni, àfi ìgbà tí mo padà dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi tí mo wá rí i pé ilẹ̀kùn ni mo fún un jẹ, owó ló kù sí mi lọ́wọ́.

Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi láti inú ni ìyá tí wọ́n fi wá sínú yàrá kan náà. Ìlú tirẹ̀ jìnnà sí tiwa, ilẹ̀ ló mì níbẹ̀ tí ilé fi wó lé wọn lórí. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi, Ìyá Ilẹ̀-Mímì ni mo ń pè é, ó sì ń dáhùn. Nígbà tí a fẹ́ sùn, mo gbé báàgì mi lé orí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tó ga jù nínú yàrá, kí omi má bàa bá a. Òun ti báàgì tirẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ohunkóhun má bàa wó lé e. A wojú ara wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí tí ẹni tó wà ní yàrá kejì fi gbá ògiri. Ó wá sùn tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Mi ò bi í léèrè, mo mọ̀.

Inú gbọ̀ngàn àpérò náà tóbi, wọ́n sì kó òtútù sínú rẹ̀ bí ẹni fẹ́ tọ́jú ẹja. Wọ́n so páálí kọ́ gbogbo wa lọ́rùn. Páálí tàwọn ọ̀gá ní orúkọ àti oyè, tiwa ní ohun tó ṣe wá. Ìlà kan náà ni wọ́n fi gbogbo àwa tí ọ̀rọ̀ kàn sí, èmi Omi, ìyá yẹn Ilẹ̀-Mímì, bàbá arúgbó kan Iná, ọ̀dọ́bìnrin kan Ìjì. Àwọn èèyàn ń wá ya fọ́tò pẹ̀lú wa. Obìnrin kan di ọwọ́ mi mú, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun kò tíì rí Omi lójúkojú rí, àfi nínú ìwé.

Wọ́n fún wa ní ohun kan tí a ó kì sétí, ohùn ọmọbìnrin kan sì ń jáde nínú rẹ̀ ní èdè wa, ó ń sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Mo wẹ̀yìn, mo rí i. Wọ́n ti í mọ́ inú yàrá gíláàsì kékeré kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, òun àti àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ń dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Àánú ṣe mí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ṣe tí wọ́n fi tì wọ́n mọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kí ló lè tóbi tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí a lọ jẹun, mo di búrẹ́dì àti ẹran sínú ìnuwọ́ bébà, mo lọ kan gíláàsì, mo gbé e fún un. Ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá kúnlẹ̀. Ọmọ wa ni, ibẹ̀ ni wọ́n gbé tọ́ ọ dàgbà, èdè wa lẹ́nu rẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n gé tó kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n ó bo ìdí. Ó ní kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, iṣẹ́ ni. Mo ní kò burú, kí ó jẹun ná.

Oúnjẹ kò wọ́n wọn o. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ àwọn tí ebi ń pa lẹ́yìn àjálù díẹ̀, ebi á pa àwọn náà, wọ́n á dìde lọ jẹun, wọ́n á padà wá máa bá ọ̀rọ̀ ebi lọ láti ibi tí wọ́n dé. Wọ́n fún olúkúlùkù ní báàgì, tọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀, fèrè wà nínú rẹ̀, ìwé kékeré alárànbarà kan náà wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin inú gíláàsì bá mi ka ìwé náà, ó ní ó sọ pé bí omi bá dé, kí a lọ sí ibi tó ga. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìsàlẹ̀ ni à bá máa sá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, agogo kan dédé ń ké lójijì, iná pupa ń ṣẹ́jú. Mo gbé báàgì mi, mo fa Ìyá Ilẹ̀-Mímì lọ́wọ́, a ti dé ìta kí àwọn ọ̀gá tó mọ ilẹ̀kùn wo ni wọn yóò gbà. Òjò ń rọ̀ sí gbogbo wa lórí. Wọ́n wá ní ìdánrawò ni, kò sí nǹkan kan, pé ó yẹ kí èèyàn máa fi àjálù dánra wò. Mo ní kí wọ́n má bínú, tiwa kì í dánra wò, ó máa ń mọ̀ ọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Iná jókòó sórí ilẹ̀ tútù, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun dìde títí wọ́n fi pa agogo náà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n pe ọ̀gá rẹ sórí pèpéle. Ó wọ kóòtù tó bá a mu, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin wa ń tú u sí mi létí, ó ní owó tí àwọn olóore fi ránṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ bí idán. Wọ́n wá tan àwòrán kan sójú aṣọ ńlá lára ògiri, ògiri òkúta gígùn kan létí odò, ó mọ́, ó ń dán, koríko tútù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní ìlú wa nìyẹn. Ó ní wọ́n ti parí ògiri odò wa kí òjò ọdún tó kọjá tó dé, àwọn èèyàn sì ń sùn ní àsùnwọra.

Mo rò pé ohun etí mi ló bàjẹ́. Mo yọ ọ́, mo gbá a mọ́ itan, mo tún un kì sétí. Ohun kan náà ló ń sọ. Mo wo ògiri náà dáadáa bóyá ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ni. Ọmọ mi, òkè kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ilẹ̀ wa tẹ́jú bí àwo.

Lẹ́yìn náà, ọ̀gá rẹ wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní lọ́la ni èmi náà yóò sọ̀rọ̀, pé ọpẹ́ lásán ni, kí n dúpẹ́ fún ògiri, kí n sì jókòó. Ó ní aṣọ tí mo wọ̀ yìí ti dára jù fún ẹni tí omi ṣe, ṣé mi ò ní ògbólógbòó kan. Mo ní mo ní in, ó wà nínú odò. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Mo wá pè ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Fóònù mi kò gbà lọ́hùn-ún, ọmọbìnrin inú gíláàsì ló yá mi ní tirẹ̀, ó ní kò ní jẹ owó, pé inú afẹ́fẹ́ ilé náà ni ìpè ń gbà lọ. Mo mí afẹ́fẹ́ náà sínú dáadáa kí ohùn mi lè le. O rántí ohun tí mo bi ẹ́. Mo ní ọ̀gá rẹ sọ pé wọ́n ti mọ ògiri wa, ṣé o gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọ́fíìsì yín. O ní, “Màámi, ẹ kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.” Mo ní ògiri wo ni kí n dúpẹ́ fún. O dákẹ́, o wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ọmọ mi, mo gbọ́ bí o ṣe ń mí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà sí ẹ báyìí, nítorí inú lẹ́tà kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè fara pamọ́ sí.

Mi ò lè sọ fún ẹ pé mo sùn. Iṣẹ́ rẹ ni mò ń rò, mò ń ro owó ilé ìwé àwọn ọmọ, mò ń ro pé ẹni tó bí ọmọ kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn oúnjẹ dànù lẹ́nu ọmọ. Mo tún ń ro àwọn tí a jọ ń tẹ́ ẹní sílẹ̀, tí wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ dé láìbéèrè. Ìyá Ilẹ̀-Mímì rí i pé mò ń yí, ó dìde, ó jókòó tì mí, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wo ni ì bá sọ tí mo máa gbọ́?

Láàárọ̀, mo wọ aṣọ mi tó dára jù, èyí tí o rà fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbà ẹ́ síṣẹ́. Nígbà tí mo dé gbọ̀ngàn, mo rí ọ̀gá rẹ lẹ́nu yàrá gíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá ọmọbìnrin wa sọ̀rọ̀. Bó ṣe kúrò, ọmọ náà yọ sí mi, ó ní, “Màmá, wọ́n ní ohunkóhun tí ẹ bá sọ, kí n ṣáà sọ pé ẹ dúpẹ́.” Mo ní, “Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí o sọ ọ́. Ṣé wọn yóò bá ẹ jà?” Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, “Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ bi mí bóyá mo ti jẹun.” Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n pè mí. Ohun tí mo sọ nìyí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ kí ẹnikẹ́ni má bàa fi iyọ̀ sí i:

“Ẹ kú àpérò, ẹ kú ìnáwó. Wọ́n ní kí n wá dúpẹ́ fún ògiri odò wa, mo sì dúpẹ́. Ògiri náà dára lójú àwòrán. Ó dára débi pé omi kò rí i nígbà tó ń wọlé, àwa náà kò sì rí i nígbà tí à ń sá jáde. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ibi tó wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe rẹ̀ fún mi, kí n lè kó àwọn ará ilé lọ wò ó, nítorí yàrá ìkàwé àwọn ọmọdé ni a ṣì ń sùn.”

Gbọ̀ngàn náà pa lọ́lọ́. Mo wá mọ̀ pé ọmọ náà kò yọ ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀gá rẹ dìde, ó ní àwọn àgbà ilẹ̀ wa fẹ́ràn àwàdà, ẹ̀fẹ̀ ni màmá ń ṣe. Ara tu gbogbo wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi títí, obìnrin tó ń darí àpérò ní ẹ̀rín náà wúlò lásìkò ìṣòro, wọ́n sì lọ mu tíì. Ọmọ mi, mo rò pé n óò wó gbọ̀ngàn náà ni, àṣé ìdí tíì ni n óò lé wọn lọ. Mo dúró sórí pèpéle pẹ̀lú aṣọ dáadáa lọ́rùn, ojú ń tì mí bí ẹni tó rán ẹ̀wù tán tó wá rí i pé òun gbàgbé ibi ọrùn. Ìyá Ilẹ̀-Mímì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó wá mú mi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni bàbá kan ti dá wa dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, bàtà rẹ̀ ti gbó. Ọmọbìnrin wa sáré jáde nínú àpótí rẹ̀ láti túmọ̀. Bàbá náà ní ọ̀dọ̀ àwọn ni owó ògiri ti jáde, òun kò sì rẹ́rìn-ín, torí òun kò rí ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀. Ó bi mí bóyá òun lè wá wo ìlú wa. Mo ní kó wá, kó mú bàtà òjò dání.

Nínú ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí à ń padà bọ̀, ọ̀gá rẹ gba inú kọ́tìnnì kọjá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn. Ó gbé oúnjẹ tiwọn níwájú wá fún mi, tòun ti ṣíbí irin, ó bò mí ní aṣọ òtútù bí ọmọ tó mọ ìyá lójú. Ó wá ní, “Màmá, ọmọ yín ń ṣe dáadáa lábẹ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu yín ba tirẹ̀ jẹ́.” Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò jẹ oúnjẹ náà. Nígbà tí omi ń wọ yàrá mi, mo mọ ohun tí mo lè rù kí n sá. Ọ̀rọ̀ yìí, mi ò mọ ibi tí mo ti lè gbá a mú.

Nílé, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àbúrò bàbá rẹ ní mo ti ti iná bọ iṣẹ́ ọmọ mi nítorí òkúta. Ọ̀gá ilé ìwé ní ǹ bá ti dúpẹ́ fún ti àkọ́kọ́ kí n sì tọrọ ìkejì, pé bí wọ́n ṣe ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo jókòó ti ẹ̀rọ mi, mò ń fi ọwọ́ yí i.

Àfi bí lọ́rì ṣe dé. Òkúta ló kó, lọ́rì mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó kó sìmẹ́ńtì àti àwọn bíríkìlà. Ọ̀gá rẹ ló rán wọn. Bàbá ẹlẹ́yìn títẹ̀ yẹn ti kọ̀wé pé òun ń bọ̀, ara ọ̀gá rẹ kò wá gba ìjókòó mọ́. Etí odò lápá ibi tí mọ́tò ti ń dúró ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Mo bá olórí bíríkìlà sọ̀rọ̀, ọmọlúàbí èèyàn ni, kò bò mí lójú, ó ní ibi tí ojú àlejò lè dé ni wọ́n ní kí àwọn mọ ọ́n dé. Mo ní áà, bàbá yẹn mà fẹ́ràn ìrìn o, ó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ lòun yóò fi tọ ògiri náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá náà kò sọ nǹkan kan tó jọ ọ́, Ọlọ́run yóò foríjì mí. Olórí bíríkìlà pe ọ̀gá rẹ lójú mi. Lọ́jọ́ kejì, lọ́rì òkúta tún dé.

Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ àlejò wa ń gùn sí i. Àbúrò bàbá rẹ ti sọ fún wọn pé àlejò máa ń fi ọwọ́ ti ògiri wò bóyá ó le. Ọ̀gá ilé ìwé ní òun gbọ́ pé ó máa ń wo bí ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó. Ògiri náà ti kọjá ilé onígáàrì báyìí, ó ń bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ níbi tí omi gan-an ti ń wọlé. Mo fọwọ́ kàn án lánàá. Ó gbóná, oòrùn ti ń pa á. Mo kàn dúró síbẹ̀ ni, mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Ní ti iṣẹ́ rẹ, fọkàn balẹ̀. Kò lè lé ẹ báyìí, nítorí bí ó bá lé ẹ, èmi ni yóò bá lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àlejò bá dé. Mi ò sì bi ẹ́ ohun tí o mọ̀ àti ìgbà tí o mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé oúnjẹ ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ, ọwọ́ tó bá gbé oúnjẹ kì í ráyè nàka. Ṣùgbọ́n wá sílé, kí o wá fi ojú ara rẹ rí ògiri yìí, kí ohùn rẹ má bàa já mọ́ bí ẹnì kan bá tún bi ẹ́ léèrè.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi kò pọ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n máa se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn bíríkìlà, ẹni tó bá yó kì í tètè palẹ̀ mọ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ inú páálí o, fi í rán ẹni tó ní ọwọ́. Èkejì ni èyí tó ṣe pàtàkì jù: mo gbọ́ pé orí tábìlì rẹ ni ètò ìrìn àjò àlejò náà yóò gbà kọjá. Má dí i lọ́wọ́, mi ò ní kí o parọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ́fíìsì kì í yá, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ náà ṣáà ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀.

Ọlọ́run yóò bá mi tọ́jú ẹ, ìyàwó rẹ kò ní rí ìbànújẹ́, àwọn ọmọ rẹ yóò mọ ìwé ju ìyá wọn àgbà tó ń sùn sí kíláàsì lọ. Oúnjẹ tí o bá jẹ kò ní há ẹ lọ́fun, ọ̀rọ̀ tí o bá fẹ́ sọ kò sì ní há ẹ lọ́fun. Ní ti bàbá ẹlẹ́yìn títẹ̀ tó ń bọ̀ wá wò wá, ẹ̀dá rere ni, Ọlọ́run yóò fún un ní ẹ̀mí gígùn, ṣùgbọ́n kí Ó fi ọ̀fìnkìn díẹ̀ ṣe é. Kì í ṣe èyí tó le o. Èyí tí yóò kàn mú un jókòó sílé, kó máa mu omi gbígbóná, títí òkúta yóò fi dé ẹ̀yìnkùlé wa.

Èmi ni,
Ìyá rẹ aránṣọ.